Oògùn oko ń bá wa wálé: ta ni yóò dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Kétu ní ilẹ̀ Benin ni a wà. Ọkọ mi ní oko àgbàdo àti gbágùúdá, gbogbo rẹ̀ á tó hẹ́kítà mẹ́ta. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tó ti gbé ọkọ́ sílẹ̀, tó ń fọ́n oògùn apakoríko. Lọ́jọ́ tó bá fọ́n ọn, orí máa ń fọ́ mi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ara ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì á máa yún un, nǹkan á sú bo ọrùn àti àyà rẹ̀. Mo ní kó jáwọ́. Ó ní ta ni yóò bá òun ro oko, ṣé èmi ni? Ìyá ọkọ mi ní ooru lásán ni. Ta ló jàre nínú wa? Ṣé lóòótọ́ ni oògùn yìí ń ṣe wá, àbí mo kàn ń yọ ọkọ mi lẹ́nu?

* * *

Ìyàwó wa, ẹ kò yọ ọkọ yín lẹ́nu, òun náà kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ tèmi, ẹ dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta. Tó bá ti oko dé lọ́jọ́ tó fọ́n oògùn, ibo ló ń bọ́ aṣọ sí? Ta ló ń fọ aṣọ ọ̀hún? Ibo ni ìgò tó bá ṣẹ́kù ń sùn?

Iṣẹ́ yìí ni mo fi bọ́ ilé mi fún ọdún mọ́kànlá. Pọ́ǹpù tí à ń gbé sẹ́yìn, èyí tó ń gba omi lítà 16, ni mo ń gbé kiri oko olóko láti Kétu títí dé ìtòsí Ìlárá. Iye pọ́ǹpù tí mo bá fọ́n ni wọ́n ń san owó rẹ̀ fún mi, torí náà eré ni mo ń sá. Ìdérí pọ́ǹpù mi ń jò. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ̀yìn mi á ti rin gbindin láti ọrùn dé ìdí, mo sì máa ń rò pé òógùn ni.

Lọ́jọ́ kan mo wọlé, mo jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà láti bọ́ bàtà. Ọmọbìnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá rá bà mí, ó di ṣòkòtò mi mú, ó fi dìde, ó sì ki aṣọ orúnkún mi bọnu, ó ń fà á mu. Eyín ń hù lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà, kò sí ohun tí kì í ki bọnu. Ìyá rẹ̀ ló pariwo. Èmi kò tilẹ̀ rí ohun tó burú níbẹ̀, àfìgbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì lálẹ́, tó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, ṣùgbọ́n ṣòkòtò yẹn kò tíì kúrò lójú mi.

Ohun tí mò ń sọ nìyí: oògùn oko kì í dúró lóko. Aṣọ ń gbé e wálé, ìgò ń gbé e wálé, ẹ̀wà tí a fi tọ́jú ń gbé e wọ ìkòkò. Ọ̀nà yẹn ni kí a kọ́kọ́ dí. Àríyànjiyàn pé kó fọ́n ọn tàbí kó má fọ́n ọn lè tẹ̀lé e.

Ní ti ara ọmọ tó ń yún, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì kọ orúkọ oògùn náà sórí ìwé dání. Èmi kò lè wo ọmọ láti ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń wá lọ́jọ́ tí a fọ́n oògùn, tí kì í wá lọ́jọ́ tí a kò fọ́n, ooru kọ́. Ojoojúmọ́ ni oòrùn ń ràn ní Kétu.

* * *

"Àwọn baba wa kò mọ apakoríko. Ọkọ́ ni wọ́n fi ro gbogbo ilẹ̀ yìí, wọ́n sì gbó, wọ́n tọ́. Ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn ọmọ ìsinsìnyí."

Ẹ̀gbọ́n tó kọ èyí, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò bá yín lọ síbẹ̀.

Bàbá mi á ro ilẹ̀ kan fún ọdún mẹ́ta, bó pẹ́ tó ọdún mẹ́rin, á sì fi í sílẹ̀ kó di igbó fún ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Koríko kò lè gbé abẹ́ ìbòji igi. Ọjọ́ tó bá padà síbẹ̀, igi ni yóò gé, kò ní bá koríko jà. Ta ló ní ilẹ̀ tí yóò fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ lónìí? A ti pín in láàárín ọmọ mẹ́fà, a sì ti tà lára rẹ̀. Ọdún méjì ni ilẹ̀ ń sinmi, nígbà mìíràn kì í sinmi rárá, koríko ẹ̀kan sì ti gbà á. Ẹni tó ti bá ẹ̀kan jà mọ ohun tí mò ń wí. Ọkọ́ ń gé orí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ tó mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ ń bẹ nísàlẹ̀, ó ń gún gbágùúdá láti ẹ̀gbẹ́ kan já sí èkejì. Ọmọ tí à bá kó lọ síbẹ̀ wà nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wa zẹ́mì, ọ̀kadà, ní Kútọnù, èyí tó kù ti sọdá sí Èkó. Ọkọ ìyàwó wa béèrè pé ta ni yóò bá òun ro oko. Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá ní kó jáwọ́ gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìdáhùn kan wà tí a ti gbàgbé. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ inú àwọn ọdún 1990, àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ gbé mucuna kiri gúúsù ilẹ̀ Benin. Ìbátan wẹ̀rẹ̀pẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irú èyí kì í yúnni. Bí àgbàdo bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ó gbìn ín sáàárín rẹ̀. Bí a bá kórè àgbàdo tán, òun á tẹ́ sórí ilẹ̀ bí ẹní, ẹ̀kan kò ní rí oòrùn, ewé rẹ̀ á sì jẹrà di ajílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ló gbìn ín nígbà náà. Èmi náà gbìn ín sí ìdajì hẹ́kítà, ẹ̀kan ibẹ̀ sì dín kù débi pé ọkọ́ nìkan ká a. Kí ló wá dé tí a fi jáwọ́? Kóró rẹ̀ kò ṣeé sè jẹ bí ẹ̀wà, ó ní èròjà kan nínú tó ń múni bì, tó sì ń dà orí ẹni rú. Kò sẹ́ni tó ń rà á lọ́jà. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré kò ní fi í gbin ohun tí kò lè jẹ, tí kò sì lè tà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní igun ilẹ̀ kan tí ẹ̀kan ti gbà pátápátá, tí ẹ kò rí nǹkan kan mú jáde níbẹ̀ mọ́, kí lẹ ó pàdánù bí ẹ bá dán an wò fún ọdún kan?

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ sọ pé ẹni tí kò jalè ni a ń lù: "Apakoríko kọ́ ló ń pani, oògùn òwú ni." Ó jàre púpọ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ dúró síbi ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀.

Ní àkókò òwú 1999 sí 2000, lókè lọ́hùn-ún ní Borgou, ní àríwá Benin, ènìyàn 37 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé oògùn òwú tí ń jẹ́ endosulfan pa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó oògùn náà wọlé nígbà náà ni, torí pé kòkòrò òwú kò gbọ́ ti oògùn àtẹ̀yìnwá mọ́. Kì í ṣe àwọn tó gbé pọ́ǹpù nìkan ló mú. Ọmọdé wà nínú wọn, oúnjẹ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn yẹn. Ilẹ̀ Benin fòfin de endosulfan ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé sì fi í kún àkójọ ohun tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ ní 2011, lábẹ́ àdéhùn Stockholm.

Ohun tó jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ ní agboolé wa. Àbúrò bàbá mi obìnrin ń ta ẹ̀wà, kòkòrò sì ń dá a lu bí ajere lọ́dọọdún. Ẹbí wa kan tó ń gbin òwú bu oògùn díẹ̀ fún un sínú ìgò ọtí. Ó wọ́n ọn sórí ẹ̀wà, ó sá a, ó dì í sápò. Kòkòrò kankan kò débẹ̀ mọ́. Èyí tí yóò tà ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kò fọwọ́ kan èyí tí a óò jẹ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, àpò ti dàpọ̀ mọ́ àpò.

Èmi ni mo fọ ẹ̀wà náà láàárọ̀ ọjọ́ tí a sè é. Mo bu omi sí i, omi náà funfun. Ẹ má rò pé ìdọ̀tí ẹ̀wà ni mò ń sọ, ó funfun bí omidùn ògì. Ìyá mi dà á nù, ó bu òmíràn, ó ṣì funfun díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó mọ́. Ó ní bóyá ìyẹ̀fun ló dà sínú àpò. Ìgbà tí mo di ẹni tó ń po oògùn ni mo tó mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà: púpọ̀ nínú oògùn olómi tó ń pa kòkòrò, bí ẹ bá da ìdérí rẹ̀ kan sínú korobá omi, ńṣe ni omi ọ̀hún ń di wàrà.

Ènìyàn mẹ́rin ló jẹ ẹ̀wà yẹn. Kí oòrùn tó rọ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu àbúrò mi ọkùnrin bí ìgbà tí ọmọ ń hu eyín, omi ń jáde lójú rẹ̀, dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ sún kì bí orí abẹ́rẹ́, ẹran apá rẹ̀ sì ń ta pọ́n-pọ́n lábẹ́ awọ. Ilé ìwòsàn gún un ní abẹ́rẹ́ atropine, èyí tó ń dá irú oró bẹ́ẹ̀ dúró, wọ́n gún un, wọ́n tún gún un. Ó yè é. Ìyá ẹlẹ́wà yẹn kò ta ẹ̀wà mọ́ títí tó fi kú, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú wa kò dá a lẹ́bi.

* * *

Ní ti ẹni tí oògùn bá mú, ènìyàn mẹ́rin ti kọ ọ́ báyìí pé: "Ẹ fún un ní epo pupa mu, yóò bì í jáde."

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Epo pupa ni àwa náà fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, a sì fi àkókò ṣòfò. Oró mìíràn wà tó jẹ́ pé òróró ló ń yọ́ mọ́. Epo tàbí wàrà tí ẹ fún ẹni tó mu irú rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ wọnú ara ni. Púpọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí ni wọ́n tún fi ohun tó jọ kẹrosíìnì pò. Bí ẹ bá fipá mú ẹni tó mu ún bì, yóò gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn gan-an lè pa á.

Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn kàn kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ ara, irun, abẹ́ èékánná. Bí kò bá mọra mọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun. Kí ẹnì kan máa wá ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe èyí. Kí ẹ sì gbé ìgò náà dání! Dókítà tí kò mọ ohun tí aláìsàn mu, inú òkùnkùn ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún paraquat ju gbogbo wọn lọ. Apakoríko ni, torí náà mi ò gbà pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ni Ṣábẹ̀ẹ́ pé apakoríko kì í pani. Ìgbémì kan péré ti tó pani. Ẹni tó mu ún lè jókòó kó máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á sì máa le lọ díẹ̀díẹ̀. Kò ní ẹ̀rọ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ti lé e jáde láti 2007.

* * *

Ọmọkùnrin kan béèrè lórí ẹ̀fọn, pé kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ oko. Ó kàn án. Oògùn tó wà lára àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ń sùn sábẹ́ rẹ̀ àti èyí tí a ń fọ́n sórí òwú àti ẹ̀fọ́, ọmọ ìyá ni wọ́n. Pyrethroid ni orúkọ ìdílé wọn. Ẹ̀fọn tó ń yé sínú omi ẹ̀bá oko ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kú ti kú, èyí tó yè á bí ọmọ tó le jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ ti rí èyí níbí ní ilẹ̀ Benin, ní àwọn oko òwú àti oko ẹ̀fọ́. Ibà tó ń mú ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò gbin òwú rí lè ní ọwọ́ oko aládùúgbò nínú.

* * *

"Bí mi ò bá fi oògùn sí àgbàdo mi nínú àká, kí ni mo fẹ́ jẹ ní oṣù kẹta?"

Ìyá tó bi mí léyìí, ẹ ṣeun. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le, torí pé àgbàdo tí a kò fi oògùn sí kò tíì di àgbàdo tó mọ́. Ìbu ń bẹ, èyí tó ń hù lára àgbàdo tí kò gbẹ. Irú kan nínú rẹ̀ ń pèsè oró tí ń jẹ́ aflatoxin, sísè kì í pa á tán, kò sì sí lójú, kò sí lẹ́nu. Ní 2002 àwọn onímọ̀ tẹ ìwé jáde lórí ọmọ 480 ní abúlé 16 ní Benin àti Togo, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sí ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní in lára. Àwọn tó ní in púpọ̀ kò ga tó ẹgbẹ́ wọn. Ẹ rántí pé ẹ̀kọ ni ọmọ wa fi ń já ọmú.

Nítorí náà, gbígbẹ ni kí a kọ́kọ́ lé. Ẹ má sá àgbàdo sórí ilẹ̀ lásán, ẹ tẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbẹ, ẹ wá ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ, ẹ da àgbàdo sí i kó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún un sá. Bó bá ń dà gbàràdà, ó tó kó. Ìyá mi tí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe é, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bá òun wò ó.

Lẹ́yìn náà, àpò PICS, alápò mẹ́ta: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Ẹ kún un dáadáa, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ó le. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Ẹ̀wà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ní Cameroon. Owó rẹ̀ ju ti àpò lásán lọ, mi ò ní purọ́ fún yín, eku sì lè lù ú. Ṣùgbọ́n ọdún kejì, ọdún kẹta, ẹ ṣì lè lò ó, bí kò bá ti lu. Èmi kò fi oògùn kankan sí àgbàdo ilé mi mọ́ láti ìgbà tí mo ti ní mẹ́fà nínú rẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Àwa ará Kétu mọ̀ pé orí òkè la wà, omi jìnnà nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ agboolé fi ní kànga òjò, èyí tí a rẹ́ ní símẹ́ǹtì, tí omi orí páànù ń ṣàn wọ̀. Oko sì ti sún mọ́ ilé. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ tí ẹnì kan ń fọ́n oògùn nítòsí, orí páànù yẹn ló ń bà lé. Òjò àkọ́rọ̀ á fọ̀ ọ́ wọ kànga, omi náà la ó fi po ẹ̀kọ ọmọ.

A bá ara wa jà lórí èyí ní agboolé wa. Aládùúgbò mi ní ilẹ̀ òun ni, ibi tó bá wu òun ni òun yóò fọ́n dé. Ohun tó parí ìjà náà ni pé a fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí nǹkan méjì: àárọ̀ kùtù ni yóò máa fọ́n, kí atẹ́gùn tó dìde, yóò sì pè wá lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí a lè yọ ọ̀pá tó ń gbé omi wọ kànga. Òjò kìíní lẹ́yìn oògùn, a kì í gbè é. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

* * *

"Ọ̀rọ̀ oògùn tí ọkùnrin ń fọ́n nìkan ni ẹ ń sọ. Àwa tí a ń yan gàrí ńkọ́?"

Ìyá wa ní Pọ̀bẹ́, ẹ jàre, mo tọrọ àforíjì. Èéfín ààrò láti ìdájí títí di ọ̀sán, ojú á pọ́n, ikọ́ á di ti gbogbo ọdún, ọmọ ẹ̀yìn náà á sì máa fa èéfín ọ̀hún símú. Bí gbágùúdá kíkorò bá ń gbóná nínú agbada, oró inú rẹ̀ ń bá èéfín náà jáde. Omi tí a fún jáde lára rẹ̀ sì burú ju bí a ti rò lọ. Mo ti rí ewúrẹ́ méjì tó mu ún lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń fún gbágùúdá, wọn kò rìn jìnnà. Koríko kì í hù níbi tó ń ṣàn gbà.

Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ní àwọn ibì kan ni ààrò tí a mọ ògiri sí láàárín ẹnu iná àti ẹni tó ń yan, tí èéfín ń gba ihò ẹ̀yìn jáde. Ẹ gbẹ́ kòtò fún omi náà níbi tó jìnnà sí kànga, kí ẹ sì fi igi yí i ká nítorí ẹran. Ẹgbẹ́ obìnrin tó bá dá owó jọ lè mọ irú ààrò bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá wa, bí ẹ bá mọ èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́ wa, torí pé ẹ̀yin lẹ jókòó tì í.

* * *

"Ìjọba ńkọ́? Ṣé òfin kò sí ni?"

Òfin wà. Láti 11 oṣù kejì ọdún 1991 ni òfin 91-004 ti wà lórí ọ̀rọ̀ oògùn oko ní ilẹ̀ Benin: oògùn tí ìjọba kò yẹ̀ wò, a kò gbọdọ̀ tà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a wà. Ìlárá rèé, Ìmẹ̀kọ rèé. Ọjà kò mọ ààlà. Oògùn tí ìjọba kò yẹ̀ wò ń gba ojú ọ̀nà kan náà tí bẹntiróòlù ìgò ń gbà wọlé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára rẹ̀, Faransé la kọ́ nílé ẹ̀kọ́, bàbá tó fẹ́ fọ́n ọn kò sì ka ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ìdérí méjì sí pọ́ǹpù kan." Bí koríko kò bá kú, á di mẹ́ta.

Nǹkan kan wà tí kò gba ìwé kíkà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ bébà tó wà lára ìgò. Ilà aláwọ̀ kan ń bẹ níbẹ̀. Pupa ni èyí tó burú jù, ìyeyè tẹ̀lé e, búlúù tẹ̀ lé ìyẹn, àwọ̀ ewé ni kò le tó wọn. Èyí tó bá pupa, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Èyí tí kò ní bébà rárá, tí wọ́n bù sínú ìgò omi, ẹ má gbà á bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ.

Ní ti kòkòrò tó dé ní 2016, èyí tó ń jẹ ọkàn àgbàdo, tí àwọn ọ̀dọ́ ń tìtorí rẹ̀ ra oògùn òwú: bí oko kò bá tóbi, ẹ bu eérú tàbí yanrìn díẹ̀díẹ̀ sí ọkàn àgbàdo nígbà tó ṣì kéré. Kóró dóńgóyárò tí a gún, tí a rẹ sómi mọ́jú, tí a sẹ́, ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ó ń gba àkókò, mo mọ̀. Ẹni tó bá wà lápá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lè yà sí oko ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ Songhaï ní Wàńdó, èyí tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì níbẹ̀, ó ń bọ́ ẹja, ó ń di ajílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni tálákà lè ṣe nílé, ṣùgbọ́n ẹ ó rí nǹkan kan mú bọ̀.

* * *

Ìyàwó wa ti dá mi lóhùn. Ó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni ọkọ òun ń fi aṣọ oògùn kọ́. Òun ló ń fọ̀ ọ́, nínú ọpọ́n kan náà tó fi ń fọ aṣọ ọmọ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìgò ń wà kí ọmọ má baà rí i. Bídọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, oògùn tó bá tán ni àwọn fi ń pọn omi lọ sóko.

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́. Orí tó ń fọ́ yín títí ilẹ̀ fi mọ́, inú yàrá kan náà pẹ̀lú aṣọ yẹn lẹ ń sùn mọ́jú.

Ẹ má tún sọ fún un pé kó jáwọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kan ìṣó ńlá kan mọ́ igi ẹ̀yìn ilé, ibẹ̀ ni aṣọ oògùn yóò máa wà, kò ní wọlé mọ́. Kó máa gbé bídọ́ọ̀nù omi tó mọ́ kan àti ọṣẹ lọ sóko, kó wẹ̀ níbẹ̀, kó pàrọ̀ aṣọ kó tó bọ̀, kó má sì gbé ọmọ kó tó wẹ̀. Ọpọ́n ọ̀tọ̀ fún aṣọ yẹn, òun ni kó fọ̀ ọ́, torí ẹ̀yin ní ọmọ lọ́wọ́. Ìgò kò gbọdọ̀ sùn nílé. Kó wá àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ sí ahéré. Èyí tó bá tán, kó fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kó da omi náà sínú pọ́ǹpù kó fọ́n ọn sóko, kó sì dá ìgò náà lu kí ẹnikẹ́ni má lè pọn omi sí i mọ́. Èyí tí ẹ fi ń pọn omi báyìí, lónìí ni kó dá a lu, kó má di ọ̀la.

Ní ti igun oko tí ẹ̀kan ti gbà, mo ṣì ní kóró mucuna díẹ̀ nílé. Ọ̀fẹ́ ni, kó wá gbà á kí òjò tó dé.

Ẹ gbé ìgò náà jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ wo ìsàlẹ̀ bébà rẹ̀, kí ẹ sì sọ àwọ̀ tí ẹ rí níbẹ̀ fún mi.